Àlejò méje ní Lọ́kọ́jà, ọjọ́ mẹ́ta: báwo la ṣe fẹ́ tò ó?

AráKábà béèrè:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ okun o. Àlejò méje ń bọ̀ fún ìnáwó ní Kábà, àmọ́ Lọ́kọ́jà ni wọ́n máa dé sí. Bàálù ló máa gbé wọn dé Àbújá, wọ́n á sì gba títì wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní kí ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀. Àgbà márùn-ún ni wọ́n, pẹ̀lú ọmọ méjì, ọ̀kan ọdún mẹ́jọ, ọ̀kan mọ́kànlá. Màmá kan wà láàárín wọn tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, kò lè fẹsẹ̀ gun òkè.

Wọ́n fẹ́ rí ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, Òkè Patti, àwọn ohun àtijọ́ ayé òyìnbó, kí wọ́n sì wo ìlú Ògìdì lẹ́bàá Kábà àti aṣọ híhun. Oṣù tí wọ́n máa wá kò tíì dúró: bóyá ìparí oṣù kẹsàn-án, bóyá àárín oṣù kọkànlá. Èwo ló dáa? Ṣé ọkọ̀ ojú omi ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé pẹ̀lú ọmọdé? Ṣé a lè ṣe Patti àti Ògìdì lọ́jọ́ kan náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé "ibẹ̀ dáa". Wákàtí àti ètò ni mò ń wá.

Atukọ̀Adánkólo:

Oṣù kọkànlá. Ẹ gbàgbé oṣù kẹsàn-án pátápátá.

Láti oṣù kẹsàn-án wọ ìkẹwàá ni omi máa ń ga jù ní Lọ́kọ́jà, torí pé òjò ìhà òkè odò méjèèjì ló ń ya wọlé lásìkò kan náà. Bí wọ́n bá tún wá tú omi ìsédò Kainji lórí Ọya, tàbí ti Lagdo ní Kamẹrúùnù lórí Bẹ́núé, a jẹ́ pé ó di méjì. Ọdún 2012 àti 2022 ni omi gba ilé lọ́wọ́ onílé níbí. Ní oṣù kẹwàá 2022 gan-an, omi bo títì Àbújá nítòsí Koton-Karfe, ọkọ̀ ò lè kọjá. Títì yẹn sì ni àlejò yín máa gbà. Ohun mìíràn ni pé nígbà tí omi bá kún tó báyẹn, ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, àwọ̀ odò méjèèjì tí wọ́n torí ẹ̀ wá kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Tó bá di àárín oṣù kọkànlá, omi ti ń fà, ọyẹ́ ò sì tíì dé tí á fi eruku bo ojú ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wá kàn. Ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ Ṣíntákù lódìkejì kò ní dúró fún yín láàárín omi, ó sì máa ń kún àkúnya. Ẹ háyà tiyín. Ẹ jókòó sínú rẹ̀ tán, kí ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀: bí ohun tó kù láàárín etí rẹ̀ àti ojú omi kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ dín èèyàn kù, ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ti ọmọdé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọdé. Tí ẹ bá wọ ti àgbà sọ́mọ ọdún mẹ́jọ lára, tó bá já sómi, ẹ̀wù á gba orí yọ, ọmọ á sì wà nísàlẹ̀. Ẹ so okùn rẹ̀ ní gbogbo ibi tó yẹ ká so ó. Wíwọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù tí a ò de bọ́tìnì kì í ṣe wíwọ̀. Ẹ wò ó bóyá àjẹ̀ méjì wà nínú ọkọ̀, torí ẹ́ńjìnnì a máa kú láàárín odò. Ó lè jẹ́ koríko omi ló wé mọ́ àbẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó gún iyanrìn: láti oṣù kọkànlá lọ ni òkìtì iyanrìn ti ń sún mọ́ ojú omi.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, láàárín aago méje sí mẹ́wàá. Atẹ́gùn ọ̀sán máa ń ru omi sókè, ẹ̀rù á ba àwọn ọmọ láìnídìí. Lálẹ́, ẹ má ṣe é rárá. Tẹ́ ẹ bá dé ojú ìlà tí omi méjèèjì ti fẹnu konu, ẹ ní kí atukọ̀ dẹwọ́ ẹ́ńjìnnì, kó má pa á, torí omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé yín lọ sísàlẹ̀. Ẹ dúnàádúrà àlọ, àbọ̀ àti ìdúró papọ̀ kí ẹsẹ̀ tó kan ọkọ̀, kí ẹ san ìdajì, kí ìdajì tó kù di ìgbà tẹ́ ẹ bá padà sórí ilẹ̀.

GíàKejì:

Patti àti Ògìdì lọ́jọ́ kan? Ọbájáná lẹ máa sùn nìyẹn, láàárín tírélà sìmẹ́ńtì.

Láti Lọ́kọ́jà sí Kábà bíi 80 kìlómítà ni, àmọ́ ẹ ka wákàtí méjì nítorí àwọn tírélà tó ń wọ Ọbájáná tó sì ń jáde. Láti Kábà dé Ògìdì kò tó wákàtí kan. Ẹ ṣírò àlọ àti àbọ̀, kí ẹ fi wákàtí mẹ́rin ìdúró kún un, kí ẹ sì ti padà wọ Lọ́kọ́jà kí oòrùn tó wọ̀. Kò ṣẹ́ ku àyè fún òkè kankan. Ẹ kúrò ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ẹ má fi títì yẹn ṣe títì alẹ́.

Patti fúnra ẹ̀: ọ̀nà ọlọ́dà yí ká dé orí, nítorí náà ọkọ̀ ni Màmá máa bá lọ. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó kó èrò mẹ́rin kò ní lè fà á dókè, ẹ gba táásì tó le. Àbọ̀ ló léwu ju àlọ lọ. Kí awakọ̀ fi gíà kejì sọ̀ kalẹ̀, tó bá ga jù kó wọ kìíní. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, bíréèkì á gbóná, kò ní mú mọ́ nígbà tó bá kan kọ́nà tó kẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ òórùn bí rọ́bà tó ń jó, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má da omi sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ gùn ún, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú omi lítà kan ààbọ̀ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ooru Lọ́kọ́jà kì í ṣe eré, ìlú náà há sáàárín òkè àti odò, atẹ́gùn kì í rí ọ̀nà wọlé.

ỌmọKoton:

Mo fara mọ́ gbogbo ẹ̀ àfi ọ̀rọ̀ àárọ̀ fún Patti. Fún ẹlẹ́sẹ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ ìhà ìwọ̀-oòrùn odò ni òkè náà wà: láàárọ̀, oòrùn á dojú kọ yín gbọnrangandan lórí omi, gbogbo fọ́tò á di funfun. Ọkọ̀ ni àlejò yìí máa bá lọ, nítorí náà kí wọ́n gòkè ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Oòrùn á wà lẹ́yìn wọn, àwọ̀ omi á hàn. Kí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀.

Olùkọ́Ìtàn:

"Patti" gan-an òkè ni lédè Núpé, ohun náà ló wà nínú orúkọ Pátígi, òkè kékeré. Ẹni tó bá pe "Òkè Patti", òkè òkè ló pè. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi 458 mítà sí ìtẹ́jú òkun, orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ. Ilé ìsinmi Lugard, òyìnbó tó ṣàkóso Àríwá Nàìjíríà, wà níbẹ̀, àti igi oṣè.

Ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ kan ṣe o, torí àwọn tó ń mú àlejò kiri máa ń sọ ọ́. Wọ́n á ní orí òkè yìí ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn òyìnbó, dúró sí, tó wo odò, tó sì sọ ilẹ̀ wa ní Nàìjíríà. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìwé ìròyìn The Times ti London ló ti tẹ àbá rẹ̀ lórí orúkọ náà jáde ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1897. Ọdún 1900 ni Lugard tó wá fi Lọ́kọ́jà ṣe ibùjókòó ìjọba, ọdún 1902 ni òun àti Flora sì ṣègbéyàwó. Àwọn ọmọ lè gbádùn ìtàn náà, kí ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ìtàn àròsọ ni.

Nínú ìlú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, dá sílẹ̀ ní 1865. Irin méjì tí wọ́n ń pè ní irin òmìnira wà níbẹ̀: ẹrú tó bá kọjá láàárín wọn, wọ́n ní ó ti di òmìnira. Láti ibẹ̀ ẹ lọ síbi ìrántí àwọn ọmọ ogun àti itẹ́ òkú àwọn òyìnbó. Ẹ má sì fo itẹ́ òkú àwọn ọba ilẹ̀ Haúsá, èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò dá. Aliyu, ọba Kánò tí òyìnbó yọ lóyè ní 1903, Lọ́kọ́jà ló kú sí ní 1926. Fún mi, ibẹ̀ wọni lára ju gbogbo ilé òyìnbó yẹn lọ.

Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ti ayé òyìnbó, ẹ lọ ní ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ má bàa bá ìlẹ̀kùn títì. Ilé Lugard ti di ilé ìjọba. Ẹ ò ní wọlé láìgba àṣẹ, ẹ má sì na kámẹ́rà sí ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà. Bákan náà ni lórí afárá Murtala ní Jámátà, lójú títì Àbújá: ẹ máa wò ó láti inú ọkọ̀, ẹ má dúró.

AláṣọBùnú:

Ní Ògìdì, ilé iṣẹ́ ọnà Nike Davies-Okundaye ni ẹ kọ́kọ́ yà sí, ọmọ ìlú náà ni. Ẹ ránṣẹ́ ṣáájú kẹ́ ẹ lè bá àwọn ahunṣọ àti aládìrẹ lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá já lu ibẹ̀, ẹ lè bá òfì tó dá dúró láìsí èèyàn nídìí rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ orí àpáta ìlú, ààfin ni kí ẹ kọ́kọ́ kí. Ọdún iṣu titun wọn máa ń fa èrò, àmọ́ kò bọ́ sí oṣù kọkànlá.

Ẹ fi òfì méjèèjì han àwọn ọmọ. Ti obìnrin ilẹ̀ Okun, ìyẹn àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, òró ni wọ́n gbé e dúró, aṣọ ibẹ̀ sì fẹ̀. Ti ọkùnrin, gbọọrọ tín-ínrín ni aṣọ rẹ̀ ń jáde, wọ́n á wá rán an pọ̀. Ìyẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà: aṣọ tí ó fẹ̀ tí kò ní ojú rírán láàárín, ọwọ́ obìnrin ni.

Ìkìlọ̀ kan. Bí àlejò bá rí aṣọ ìpò pupa ti Bùnú, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Okun, kó má sọ pé òun fẹ́ fi bo àga. Aṣọ ìsìnkú àgbà àti ti egúngún ni. Òwú pupa ara rẹ̀, láyé àtijọ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa ti òyìnbó ni wọ́n ń tú láti rí i.

AráKábà:

Ẹ ṣeun gidigidi. Oṣù kọkànlá ló kù. Mo tò ó báyìí: ọjọ́ kìíní, ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀, ìsinmi lọ́sàn-án, Patti ní aago mẹ́rin. Ọjọ́ kejì, àwọn ohun àtijọ́ nínú ìlú. Ọjọ́ kẹta, Ògìdì. Wọ́n tún fẹ́ ra ẹja gbé lọ sílé. Ọjọ́ wo ni kí a rà á?

Atukọ̀Adánkólo:

Ẹ pa ọjọ́ kìíní dà. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé láti Àbújá, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ẹ fi ohun àtijọ́ inú ìlú sí i, kí ọkọ̀ ojú omi àti Patti jẹ́ ọjọ́ kejì.

Ẹja tútù, èyí tí wọ́n máa jẹ lọ́jọ́ náà nìkan ni kí wọ́n rà, láàárọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti orí omi dé. Ẹ fi ìka tẹ ẹran rẹ̀: bí ojú ìka ò bá padà sípò, tàbí bí ojú ẹja bá ti rì sínú, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí ń lọ sílé, ẹja gbígbẹ ni, kí ẹ rà á lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kúrò pátápátá. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kan wò níbi ikùn. Ẹ̀yìn lè gbẹ kó máa dún kaka, kí inú ṣì rọ̀, irú rẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń ní ìdin. Bébà tàbí àpò ọ̀rá oníhò ni kí ẹ dì í sí. Láílọ́ọ̀nù tí wọ́n dé pa á mú ooru mọ́ ọn, á sì bu.

GíàKejì:

Kẹ́ ẹ sì gbé e sínú búùtù, ẹ má gbé e sẹ́yìn àga Màmá. Wákàtí mẹ́ta ni Àbújá.