Bcp ń ba àmì orí orúkọ jẹ́ nínú tébìlì mi, ẹ gbà mí

Dátà_Abẹ́òkúta:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní kí n bá àwọn kó orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wọn sínú SQL Server 2019 (ètò dátábéèsì ti Microsoft), ìlà tó wà nínú fáìlì CSV náà lé ní 400,000. Mo kọ́kọ́ fi INSERT ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rá pálá títí ilẹ̀ fi mọ́, ni ọ̀rẹ́ mi bá ní kí n lo bcp, irinṣẹ́ SQL Server tó ń kó ìlà púpọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ó yára lóòótọ́, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi parí, àmọ́ ìgbà tí mo ṣí tébìlì wò àyà mi já. Orúkọ tó yẹ kó jẹ́ Ọlá ti di ß╗îl├í! Àwọn mìíì, àdírẹ́sì wọn já sí méjì, ìdajì ti bọ́ sínú kọ́lọ́ọ̀mù fóònù. Ohun tí mo tẹ̀ rèé:

bcp AlajesekuDB.dbo.OmoEgbe in omo_egbe.csv -S localhost -T -c -t ","

Wọ́n ní kí n yọ àmì kúrò kí n lè sinmi, mi ò fẹ́. Àwọn èèyàn yìí fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn sórí fọ́ọ̀mù pẹ̀lú àmì ẹ̀, mi ò lè torí kọ̀ǹpútà bà á jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ẹ̀gbọ́n_SQL:
Àbúrò, má yọ àmì kankan o. UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi báìtì kọ lẹ́tà) ni wọ́n fi kọ fáìlì yẹn, Ọ kan ṣoṣo báìtì mẹ́ta ló jẹ́ níbẹ̀. Tóo bá fi -c nìkan tóo ò sọ kóòdù péèjì (àtẹ tó ń sọ báìtì tó jẹ́ lẹ́tà wo), ti OEM tó wà lórí Windows ẹ ni bcp máa lò, á wá ka báìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bíi lẹ́tà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ibẹ̀ ni ß╗î ti wá. Fi -C 65001 sí i, nọ́ńbà UTF-8 nìyẹn, C ńlá o, c kékeré iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀. Láti SQL Server 2016 ló ti ń gba 65001. Kọ́lọ́ọ̀mù ẹ náà dáa, NVARCHAR tó ń gba lẹ́tà gbogbo èdè ni, torí ká ní VARCHAR lásán ni, ╗ yẹn ò bá má lè wọlé bẹ́ẹ̀ rárá.

Ti kọ́mà ńkọ́, bcp ò mọ àmì àyọlò. "Òkè-Ìlèwó, Abẹ́òkúta" tí wọ́n fi àmì àyọlò dè mọ́ra, kọ́mà ló rí níbẹ̀, ó sì máa gé e níbẹ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n fi | ya kọ́lọ́ọ̀mù kí wọ́n má fi àmì àyọlò sí i, kóo wá ṣe báyìí:

bcp AlajesekuDB.dbo.OmoEgbe in omo_egbe.txt -S localhost -T -c -C 65001 -t "|" -F 2 -b 10000 -e asise.txt

-F 2 máa fo ìlà orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù tó wà lókè. -b 10000 á máa fi ìlà pamọ́ ní 10,000 10,000, tó bá já lójú ọ̀nà èyí tó ti wọlé á dúró, torí ẹ̀ TRUNCATE tébìlì (kó gbogbo ìlà inú ẹ̀ dànù) kóo tó tún un ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orúkọ á di méjì-méjì.

Ọmọ_Sáfà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, tí wọn ò bá lè pààrọ̀ fáìlì yẹn fún un ńkọ́? BULK INSERT, àṣẹ SQL tó ń kó fáìlì wọlé, pẹ̀lú FORMAT = 'CSV' mọ àmì àyọlò láti SQL Server 2017. Nǹkan kan ṣoṣo ni pé sáfà fúnra ẹ̀ ló máa ka fáìlì, ó gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ sáfà ti lè tó o, ti bcp orí kọ̀ǹpútà tìẹ náà ló ti ń kà á.

Ẹ̀gbọ́n_SQL:
Òótọ́ lo sọ. Tí wọn ò bá gbà láti pààrọ̀ ẹ̀, kó gba ọ̀nà yẹn.

Dátà_Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣé gan-an ni ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti fún mi ní ti |, Ọlá ti padà di Ọlá! Àmọ́ ó já lẹ́yìn àṣìṣe mẹ́wàá, ó ní "String data, right truncation", pé ọ̀rọ̀ gùn ju àyè ẹ̀ lọ. Ọ̀pẹ́yẹmí wà nínú àwọn tó kọ̀, kọ́lọ́ọ̀mù orúkọ NVARCHAR(12) sì ni. Mo ka Ọ̀pẹ́yẹmí léraléra, lẹ́tà méje péré ni.

Ẹ̀gbọ́n_SQL:
Ojú wa ló ń rí méje. Kò sí Ọ̀ tó dá dúró ní Unicode (àkójọ lẹ́tà gbogbo èdè tí kọ̀ǹpútà ń lò), Ọ ni wọ́n kọ tí wọ́n wá gbé àmì ohùn lé e lórí, nítorí náà méjì ni SQL Server kà á sí. Tí bọ́tìnnì tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ bá tún ya àmì abẹ́ sọ́tọ̀, Ọ̀ nìkan di mẹ́ta, Ọ̀pẹ́yẹmí odindi á di 13. Ìyẹn ni kò gbà sínú 12. Èmi ò kí ń fi nǹkan tó kéré sí NVARCHAR(100) gba orúkọ Yorùbá. Mẹ́wàá tóo rí yẹn, iye àṣìṣe tí bcp máa ń fàyè gbà ni tóo ò bá fi -m sọ iye mìíì, èyí tó kọ̀ wà nínú asise.txt.

Ìyá_Dátábéèsì:
Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un. Bcp kì í yẹ CHECK àti FOREIGN KEY (òfin tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọ tébìlì) wò, kì í sì í jẹ́ kí trigger (àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ bí ìlà bá wọlé) ṣiṣẹ́, àfi tóo bá fi -h "CHECK_CONSTRAINTS, FIRE_TRIGGERS" sí i. Èmi kì í tiẹ̀ kó o wọ tébìlì gidi ní tààrà, tébìlì ìgbà díẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ kó o sí, màá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó fi INSERT SELECT gbé e lọ. Ọmọ mi, owó èèyàn ló wà lẹ́yìn orúkọ yẹn.

Dátà_Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣé mà. Mo ti sọ kọ́lọ́ọ̀mù di NVARCHAR(100), mo gba tébìlì ìgbà díẹ̀ wọlé bẹ́ẹ ṣe wí, asise.txt ò ní nǹkan kan nínú, iye ìlà tó wà nínú fáìlì ni COUNT náà sọ. Ọ̀pẹ́yẹmí ti wọlé, àmì ẹ̀ pé.