BD (ìwé ìtàn alàwòrán) kékeré tó ń pani lẹ́rìn-ín nípa ayé ara ẹni: ẹ wá sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é

Ayàwòrán, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin)

Ẹ̀yin ará, kí pẹ́ńsù tó kan bébà, ẹ ka ojú ewé ná. Bébà A4 kan tí a ká sí méjì, ojú ewé 4 ló ń dà. Ìdí nìyẹn tí ìwé kékeré fi ń jẹ́ 8, 12, 16 tàbí 24. Ẹni tó bá ya ìtàn ojú ewé 14, méjì yóò ṣófo lẹ́yìn ìwé rẹ̀, yóò sì dà bíi pé ìtàn náà já sójú ọ̀nà.

Fún ojú ewé 16, ẹ mú bébà 4 tí kò ní nǹkan kan lára, ẹ kì wọ́n bọ inú ara wọn, ẹ ká wọn, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà sígun ojú ewé kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 16. Ẹ tú wọn ká. Lórí bébà àkọ́kọ́, 16 wà lósì, 1 wà lọ́tùn-ún. Lẹ́yìn rẹ̀, 2 àti 15. Bébà kejì: 14 àti 3, lẹ́yìn rẹ̀ 4 àti 13. Ẹ̀kẹta: 12 àti 5, lẹ́yìn rẹ̀ 6 àti 11. Ẹ̀kẹrin: 10 àti 7, lẹ́yìn rẹ̀ 8 àti 9. Ojú ewé méjì tó bá wà lójú kan náà, ẹ ro wọ́n pọ̀: 17 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí kò bá pé 17, ẹ ti ṣì í, ẹ má sì gbé e dé ọ̀dọ̀ onífọ́tókópì.

Bébà àpẹẹrẹ yìí ni kí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ìwọ̀n A5 gan-an ni mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ ya ìwé náà, kí ohun tí ẹ rí lórí tábìlì lè jẹ́ ohun tí yóò jáde.

Ará Kétu

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti nọ́ńbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀rín ń gbé. Ojú ewé 2, 4, 6 àti irú wọn, apá òsì ni wọ́n wà, àwọn sì ni ojú òǹkàwé kọ́kọ́ ń bá tó bá ṣí ewé. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín sí. Bí ó bá bọ́ sí ojú ewé 3 tàbí 5, ojú òǹkàwé ti rí i láti ìkángun kí ó tó ka ohun tó ṣáájú rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ náà ti kú nìyẹn.

Ká ní ìtàn náà ni pé zem, alùpùpù akérò, ń gbé yín lọ sílé àna, epo kpayo, ti ẹ̀bá ọ̀nà, wá tán lọ́nà. Àpótí (igun mẹ́rin tí a ya àwòrán kan sí) tó kẹ́yìn lójú ewé 3: alùpùpù ń wú ikọ́, ojú ẹni tó jókòó lẹ́yìn ti yí padà. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú àpótí yẹn. Òǹkàwé ṣí ewé. Ojú ewé 4, àpótí ńlá kan ṣoṣo: ẹ̀yin lẹ ń ti alùpùpù, agbọ̀n iṣu wà lórí yín, àna sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àpótí tí kò ní ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ má yọ ọ́ kúrò torí pé ààyè kò tó. Lórí A5, àpótí 4 sí 6 ló tó ojú ewé kan. Tó bá ti ju ìyẹn lọ, orí àwọn ènìyàn á kéré ju kí a rí ojú wọn.

Nínú ìlú tó ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a mọ̀ pé alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ lè bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n ìwé yàtọ̀, torí ó ń pẹ́ nílẹ̀. Ẹ yí orúkọ, iṣẹ́, aṣọ àti ìrísí ojú àwọn mìíràn padà. Ojú tiyín nìkan ni kí ó jọ tiyín, kí ẹ sì fún un ní àmì mẹ́ta tí kò ní yẹ̀: fìlà, ìgò ojú, irú irun. Láti ojú ewé 1 dé 16, àmì yẹn ni òǹkàwé fi ń dá yín mọ̀.

Ẹni tí kò mọ àwòrán yà, kó má pa ìtàn rẹ̀ mọ́. Harvey Pekar, akọ̀wé ilé ìwòsàn ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara rẹ̀ tẹ American Splendor, BD nípa ayé ara rẹ̀, ní 1976. Kò ya á fúnra rẹ̀. Ó ń fi ènìyàn onígi-gi sàmì sí àpótí kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí i, ó wá ń gbé e fún àwọn ayàwòrán bíi Robert Crumb.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ yíya ní A5. Ẹ ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan sórí A4, kí ẹ wá dín in kù sí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọwọ́ tó gbọ̀n díẹ̀ kò ní hàn mọ́.

Ọ̀rọ̀ inú òbìrìkìtì, èyí tí a fi ń yí ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ká, ló ń fa wàhálà. Lẹ́tà tó ga ní mílímítà 4 á di nǹkan bíi 3 lẹ́yìn ìdínkù. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ á lẹ̀ mọ́ lẹ́tà tàbí kí ó pòórá. Ẹni tó kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì ti Benin, tó ń kọ ɛ àti ɔ, bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n àmì ohùn kò ṣeé fò fún ẹnì kankan. "Ọkọ̀ mi bàjẹ́" àti "Ọkọ mi bàjẹ́", ẹjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àmì kan ṣoṣo ló sì yà wọ́n. Nítorí náà, ààyè tó wà láàárín ìlà méjì, kí ó tó gíga lẹ́tà kan. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹ tó fa òbìrìkìtì yí i ká. Ẹni tó bá fa òbìrìkìtì ṣáájú, á fún lẹ́tà pọ̀ ní ìparí ìlà ni.

Onífọ́tókópì, Àjàṣẹ́

Pẹ́ńsù búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, torí ẹ̀rọ dúdú-àti-funfun kì í sábà rí i. Ẹ kò ní í fi rọ́bà pa á rẹ́. Ẹ má fi omi po íǹkì láti fi ṣe òjìji: á jáde bí ẹrẹ̀. Ìlà tàbí ẹ̀kán tó fi mílímítà kan jìnnà síra ló ń jáde dáadáa. Ibi tó dúdú gbàgìdì, kí ó má tóbi jù, torí tí tónà, ìyẹn lúbúlúbú dúdú inú ẹ̀rọ, bá ti ń tán lọ, á ní ìlà funfun.

Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ létí gbogbo. Ẹ̀rọ kì í tẹ̀ dé etí bébà. Bí ẹ bá ń tẹ ojú méjì láti kọ̀ǹpútà, etí kúkúrú ni kí ẹ yàn. Bí ẹ bá yan etí gígùn, ojú ewé 2 á dorí kodò. Nígbà òjò, ẹ má tú bébà kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀ títí di àkókò iṣẹ́. Bébà tó ti fa ọ̀rinrin mu ló ń há sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, ẹ ká a, ẹ kà á tán, kí ẹ tó ní kí n ṣe 50.

Bébà 80 gíráàmù fún inú, 160 fún èèpo. Ìwé ojú ewé 16 ń jẹ bébà 4, nítorí náà rame (dì bébà) kan tó jẹ́ 500 á fún yín ní ìwé 125. Ẹ yọ mẹ́wàá sílẹ̀ fún àṣìṣe.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ti agrafeuse, ẹ̀rọ tí a fi ń fi píìnì (agrafe) de ìwé: bí kò bá sí èyí tó lọ́wọ́ gígùn, ẹ ṣí èyí kékeré sílẹ̀, ẹ tẹ́ ìwé sórí sílípáàsì rọ́bà, èèpo lókè, ẹ tẹ̀ ẹ́ gbọngbọn lórí ìlà kíká. Ẹ fà á kúrò, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ẹsẹ̀ agrafe wọnú. Méjì tó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sétí ní sẹ̀ǹtímítà 5. Bébà àárín á yọ jáde díẹ̀. Lẹ́yìn agrafe ni kí ẹ fi bíléèdì àti rúlà irin gé e, kì í ṣe ṣáájú.

Ayàwòrán, Àjàṣẹ́

Àbúrò, mo gbà fún ọ lórí A4, pàápàá nítorí àmì ohùn. Ẹ má ka èèpo mọ́ 17 o, bébà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún nọ́ńbà dépôt légal (ìforúkọsílẹ̀ ìwé lábẹ́ òfin) ti Bibliothèque nationale, ilé ìkàwé ìjọba, ní Àjàṣẹ́ níbí. Ẹ béèrè rẹ̀ kí fọ́tókópì tó bẹ̀rẹ̀, torí inú ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí.