Owó ìfẹ̀yìntì Ìlú Ọba tó dúró sójú kan: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti darí wálé, ẹ sọ tiyín

Abẹ́òkúta:
Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní London. Ìdájí la ti ń wọ bọ́ọ̀sì, National Insurance, owó tí òṣìṣẹ́ ń dá fún ìjọba kó lè gba owó ìfẹ̀yìntì, sì ń bọ́ lára owó àwa méjèèjì bákan náà. Ní 2017 a fẹ̀yìn tì. Èmi wálé, òun lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Atlanta. Ẹni tí ọdún iṣẹ́ rẹ̀ bá pé nígbà yẹn, £159.55 ni ìjọba ń san fún un lọ́sẹ̀, iye tá a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà nìyẹn. Nígbà tó fi di 2025, tirẹ̀ ti di £230.25. Tèmi ṣì wà ní £159.55, ibẹ̀ ni yóò sì wà tí mo bá jókòó síbí títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Òfin wọn ni pé ìlú tí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Ìlú Ọba bá fàyè gba àfikún ọdọọdún nìkan ló ń jẹ ẹ́. Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, Jàmáíkà wà níbẹ̀. Nàìjíríà ò sí. (Kánádà àti Ọsirélíà náà ò sí o, kẹ́ ẹ má baà ní torí àwọ̀ wa ni.)

Annette Carson, tó kó lọ sí South Africa, pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn adájọ́ House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà náà, dá a lẹ́bi ní 2005. Òun àwọn méjìlá mìíràn gbé e dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg, wọ́n tún pàdánù níbẹ̀ ní 2010: adájọ́ 11 lòdì sí wọn, 6 gbè wọ́n. Wọ́n ní tìtorí àwọn tó ń gbé Ìlú Ọba ni wọ́n ṣe dá ètò owó ìfẹ̀yìntì náà sílẹ̀, ẹni tó ti kó lọ ò sí ní ipò kan náà, ọjà tó ń ná yàtọ̀. Ìyẹn yé mi. Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Òun náà kúkú ti kó lọ! Wọ́n ní ti àdéhùn nìyẹn, kò pọn dandan kí ìjọba bá gbogbo ayé ṣe irú rẹ̀. Èsì yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ṣé èmi ni n óò lọ bá wọn tọwọ́ bọ̀wé ni?

Ìbàdàn:
Ẹ kú àfaradà, mà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti màmá mi. Àwọn èèyàn ní kí ló ń ráhùn sí, ṣebí náírà ti já wálẹ̀, pọ́ùn rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Kí wọ́n lọ béèrè iye tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń jẹ́ báyìí! Tó bá lọ kí àwọn ọmọ ní Peckham, a máa ń pe ọ́fíìsì pé ó ti dé, wọ́n á sì máa san iye òde òní fún un títí yóò fi padà. Tó bá ti wọ bàálù, ó di ti àtijọ́. Owó ìfẹ̀yìntì iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ni tiẹ̀ ń gòkè lọ́dọọdún, ibi yòówù kó wà.

Ìjẹ̀bú-Òde:
Ọkọ mi ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Croydon o. Tó bá wálé, tí ara ò gbà á, tó sì padà lọ gbé ibẹ̀ pátápátá ńkọ́?

Abẹ́òkúta:
Wọ́n á gbé e dé iye òde òní, ọmọ mi. Àfikún àwọn ọdún tó fi wà nílé ni wọn ò ní san.