Ẹ gbà mí o! Ìbéèrè ọgọ́rùn-ún fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti màámi

Ìyá Ìbejì Apáta:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Inú ló ń bí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Houston ló gbé iṣẹ́ lé mi lórí láti oṣù kẹwàá. Màámi fẹ́ gba ìwé ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, àwọn òyìnbó á sì bi wọ́n ní ìbéèrè lórí ìtàn àti ìjọba ibẹ̀, nítorí náà kí n máa kọ́ wọn. Ó fi ìwé ìbéèrè ọgọ́rùn-ún tí òun fúnra rẹ̀ kà nígbà tiẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Dùgbẹ̀, owó àpò mi ni. Títí dòní kò béèrè pé èló ni. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó pè lálẹ́ Sátidé kó ní "Ibo lẹ ka ìwé dé?" bí ẹni pé òun ló ni síkúùlù.

Kì í ṣe pé orí Màámi kú o. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ta àǹkárá ní Gbági, gbogbo gbèsè oníbàárà, orí ni wọ́n ń kó o sí, kò sì sẹ́ni tó rí kọ́bọ̀ wọn jẹ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Nàìjíríà ni wọ́n fi ń dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ta ni ààrẹ àkọ́kọ́? Azikiwe. Ta ni wọ́n ń pè ní bàbá orílẹ̀-èdè? Awólọ́wọ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 láti ìbẹ̀rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ mélòó ló wà? 109. Mo ní Màámi, ọgọ́rùn-ún ni ti Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ 50, méjì méjì. Wọ́n ní kí ló dé tí tiwa fi ju tiwọn, ṣé àwa la pọ̀ jù ni?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín tán tó tún bí mi nínú ni ti ìdí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi bá òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì jà. Mo ní "owó orí ni, wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n rán aṣojú lọ sílé ìgbìmọ̀." Wọ́n ní "Háà, Agbẹ́kọ̀yà!" Ó tán. Wákàtí kan gbáko la fi sọ ti Táfà Adéoyè, bí wọ́n ṣe ya wọ ẹ̀wọ̀n Agodi ní 1969, àti bí bàbá wọn ṣe ti gbogbo ọmọ mọ́lé. A ò padà dé ọ̀dọ̀ George Washington mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Iná ò sí. Àwọn ọmọ ń sunkún. Ọkọ mi ní kí n kó Lincoln kúrò nínú yàrá òun. Báwo ni ẹ ṣe ń kọ́ àgbàlagbà ní nǹkan yìí tí kò fi ní dìjà? Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn.

Alhaji Mọ́níyà:
Kí ni ìyá àgbà ń wá nínú ọmọ onílùú Amẹ́ríkà? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sílé wọn kí wọ́n jẹ àmàlà wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, gbogbo nǹkan lẹ ń wá ìwé sí.

Màmá Tóbi:
Alhaji, ọmọ yín méjì wà ní Canada, ẹ jẹ́ ká gbọ́rọ̀.

Bùọ̀dá Challenge:
Ìyá Ìbejì, ẹ ń da ara yín láàmú lásán ni. Àgbàlagbà kì í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é. Yorùbá ni bàbá mi fi ṣe tiwọn ní Dallas, ògbufọ̀ jókòó tì wọ́n. Agbádá sányán ni wọ́n wọ̀ lọ. Ìbéèrè mẹ́fà péré ni ọ̀gá náà bi wọ́n, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n gbà, ó ní ó tó, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bàbá mi ní "ṣé kò sí òmíràn ni?" Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń sọ pé àwọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òyìnbó sá.

Àdùkẹ́ Maryland:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Kí a tó mọ ohun tí a máa sọ, ẹ dá mi lóhùn mẹ́ta: ọmọ ọdún mélòó ni Màmá? Ọdún mélòó ni green card, káàdì tó fún wọn láyè láti máa gbé Amẹ́ríkà, ti wà lọ́wọ́ wọn? Fọ́ọ̀mù N-400 tí wọ́n fi ń tọrọ ìwé ọmọ onílùú ńkọ́, ọjọ́ wo ni ẹ fi sílẹ̀?

Tíṣà Ọ̀jọ́ọ̀:
Ẹ má ja Nàìjíríà gbà lẹ́nu wọn, ẹ fi so ó pọ̀ ni. Bí wọ́n bá ní 1960, ẹ ní "ó dáa, tiwa ni 1960, tiwọn ni 4 oṣù keje 1776." Bí wọ́n bá ní Agbẹ́kọ̀yà, ẹ gbà fún wọn, ọ̀rọ̀ owó orí ló kúkú fa méjèèjì. Ohun tí èèyàn ti mọ̀ ni a fi ń gbé ohun tí kò mọ̀.

Ìyá Ìbejì Apáta:
Tíṣà, ẹ ṣeun. Àṣé Màámi gan-an ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ̀. Àná ni mo rí ìwé àkọsílẹ̀ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Aṣọ ni wọ́n fi ń rántí nọ́ńbà! Sẹ́nétọ̀ ń lo ọdún mẹ́fà: wọ́n kọ "yáàdì mẹ́fà, ẹyọ kan." Àwọn aṣojú-ṣòfin ń lo ọdún méjì: "bùbá." Adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jùlọ mẹ́sàn-án: "ẹyọ kan àbọ̀." Àtúnṣe òfin wọn tó jẹ́ 27: "ẹyọ mẹ́rin àbọ̀." Mo bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan ìwé àwọn mọ́.

Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó ń bèèrè irú àwọn èèyàn tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà tí wọ́n tà lẹ́rú. Mo ka ìdáhùn rẹ̀ fún wọn, "àwọn ará Áfíríkà." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní "Àwọn ará Badagry yẹn ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àti àwọn mìíràn. Wọ́n ní "Èmi á sì jókòó síwájú òyìnbó, máa sọ ọ́ fún un bí ẹni ń ka owó." A pa ìwé dé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àǹtí Àdùkẹ́, ọmọ ọdún 63 ni wọ́n. 2018 ni ẹ̀gbọ́n mi mú wọn lọ, káàdì wọn sì jáde lọ́dún náà.

Bùọ̀dá Challenge:
63! Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ògbufọ̀ ni.

Àdùkẹ́ Maryland:
Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣi ìyá oníyàá lọ́nà. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá ti pé 55 gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 15 pẹ̀lú káàdì, ẹni tó bá ti pé 50 gbọ́dọ̀ ti lo 20, kí wọ́n tó yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò fún un. Ẹni ọdún 65 tó ti lo 20 ni wọ́n ń fún ní ìbéèrè tó rọrùn. Ọdún méje ààbọ̀ ni Màmá lò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi ṣe é, wọ́n máa kà, wọ́n sì máa kọ.

Bùọ̀dá Challenge:
Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Bàbá mi kúkú fi Yorùbá ṣe tiwọn.

Àdùkẹ́ Maryland:
Bàbá yín ti lo ogún ọdún ńbẹ̀ ni! Ìyá Ìbejì, ẹ ò tíì dáhùn ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Fọ́ọ̀mù?

Ìyá Ìbejì Apáta:
Ẹ jẹ́ ká fi ti fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo ṣe máa kọ́ wọn ni mo bèèrè.

Àdùkẹ́ Maryland:
Ọ̀rọ̀ ìwé tí ẹ ń kọ́ wọn gan-an ni.

Ìyá Ìbejì Apáta:
Kò tíì fi sílẹ̀. Ó ní bí Màámi bá ti dé ni òun máa tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Àdùkẹ́ Maryland:
Ó dáa. Ẹ fara balẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ láti 20 oṣù kẹwàá 2025, ìwé tuntun ni wọ́n máa fi dán an wò. Ìbéèrè 128 ló wà nínú rẹ̀. Ogún ni wọ́n lè bi Màmá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba 12. Bí wọ́n bá kùnà mẹ́sàn-án, ó parí lọ́jọ́ náà, àmọ́ wọ́n á fún wọn láyè ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ìwé ọgọ́rùn-ún tí ẹ tẹ̀ ní Dùgbẹ̀, ti àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ń bi èèyàn ní mẹ́wàá kó gba mẹ́fà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì bá tuntun mu, iṣẹ́ yín ò ṣòfò pátá.

Ìyá Ìbejì Apáta:
Oṣù mẹ́rin! Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń pariwo lálẹ́! Ẹ̀gbọ́n mi ò kàn tiẹ̀ wò ó kó tó fi ránṣẹ́. Màá pè é báyìí.

Màmá Tóbi:
Ẹ má tíì pè é. Nǹkan kan ń ṣe mí ní kàyéfì. Ẹ ní "bí Màámi bá ti dé." Ẹ tún ní iná ò sí, ọkọ yín ò rójú sùn, ìwé wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ṣé Apáta níbí ni Màmá wà ni?

Ìyá Ìbejì Apáta:
Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà. Ta ni ì bá bá mi wẹ ìbejì? Wọ́n wá fún ìtọ́jú ọmọ ni.

Màmá Tóbi:
Láti ìgbà wo?

Ìyá Ìbejì Apáta:
11 oṣù kẹta ọdún tó kọjá. 2 oṣù kẹrin ni mo bímọ. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn di 25 oṣù kẹrin tó ń bọ̀, lẹ́yìn ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ. A ti san owó gbọ̀ngàn.

Àdùkẹ́ Maryland:
Áà! Ìyá Ìbejì! Ẹ fi ìbéèrè 128 sílẹ̀ ná. Kò gbọdọ̀ pé ọdún kan! Bí ẹni tó ní green card bá lo ọdún kan lẹ́yìn odi láìgba ìwé àṣẹ ìpadàbọ̀ kó tó lọ, káàdì yẹn nìkan kò tó láti fi wọlé mọ́. Ilé aṣojú Amẹ́ríkà ni yóò ti lọ bẹ̀bẹ̀ fún físà ẹni tó ń padà, yóò sì fi hàn pé ohun tó ká òun mọ́ ju agbára òun lọ. Ìbejì kì í ṣe ohun tó ju agbára lọ lójú òyìnbó. Ti ọmọ onílùú náà á já: bí ó bá tiẹ̀ wọlé padà, ó kéré tán ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan ni yóò dúró kó tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Alhaji Mọ́níyà:
Mo ti ní kí wọ́n jókòó sílé jẹ àmàlà.

Tíṣà Ọ̀jọ́ọ̀:
Alhaji, ẹ jọ̀ọ́.

Màmá Tóbi:
Kí ni ẹ̀gbọ́n yín ń wò láti ìgbà yìí? Wọ́n ti kọjá oṣù mẹ́fà, ìyẹn gan-an wàhálà ni.

Ìyá Ìbejì Apáta:
Ẹ má bú u. Oṣù kẹsàn-án ló ní kí wọ́n padà. Èmi ni mo sọ fún un pé dókítà ní orúnkún Màámi ò gbọdọ̀ wọ bàálù. Kò sóhun tó ṣe orúnkún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dájọ́, ṣé ẹ ti tọ́ ìbejì rí láìsí ọmọ ọ̀dọ̀, tí iná kò sí, tí ọkọ ń ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́? Mi ò mọ̀ pé ọdún kan ní ohun tó ń ṣe. Mo rò pé owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni.

Bùọ̀dá Challenge:
Ẹ gba ìwé dókítà fún orúnkún yẹn kíákíá. Mo mọ ẹnì kan tó lè bá yín ṣe é.

Àdùkẹ́ Maryland:
Ẹ má gbọ́ tiwọn o! Irọ́ ni yóò ba tiwọn jẹ́ pátápátá. Ìwà ẹni wà lára ohun tí wọ́n ń wò, ẹni tó bá purọ́ lẹ́yìn tó ti búra ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ìwé rẹ̀. Kí Màmá sọ òótọ́: ọmọ mi bí ìbejì, mo wá tọ́ wọn, ilé mi wà ní Houston. Ohun tí wọ́n nílò ni ẹ̀rí pé wọn ò kó kúrò ńbẹ̀. Owó orí tí wọ́n ti san, ìwé báńkì, lẹ́tà tó ń dé àdírẹ́sì wọn. Bí àwọn aṣọ́bodè bá ní kí Màmá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù I-407 ní pápákọ̀ òfurufú, kí Màmá má buwọ́ lù ú, káàdì ni wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn dá padà yẹn. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti dé iwájú adájọ́. Kí ẹ̀gbọ́n yín sì wá lọ́yà kó tó tẹ N-400 kankan.

Bùọ̀dá Challenge:
Mo kàn fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ ni.

Ìyá Ìbejì Apáta:
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo jẹ́wọ́ ti orúnkún. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó ní òun ti ń wo tíkẹ́ẹ̀tì. 4 oṣù kẹta ni a yí i sí, owó tí a fi kún un ju ti gbọ̀ngàn lọ.

Màámi wà nídìí bàsíà nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń fọ ìdí Kẹ́hìndé. Wọ́n ní "Ta ló ni orúnkún tó ń dùn?" Mi ò lè dáhùn. Wọ́n nu ọmọ gbẹ, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní "Ìwọ wẹ Táyé, kí n máa wò ọ́."

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé 128 yẹn ránṣẹ́. Màámi ní àwọn á máa kà á nínú bàálù.

Àdùkẹ́ Maryland:
Mo ti fi ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀. Ẹ bá mi kí Màmá.

Màmá Tóbi:
Ìyá Ìbejì, èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ní Dùgbẹ̀ fún títẹ̀ ẹ́? Ti àbúrò mi ń bọ̀ lóṣù karùn-ún.