Oògùn Tó Ń Lé Omi Jáde Lára àti Potásíọ̀mù Àwọn Òbí Wa

Ìbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Màmá mi, ẹni ọdún 71, wà lọ́dọ̀ mi ní Manchester. Ọkàn wọn kò lágbára mọ́, ẹsẹ̀ wọn sì máa ń wú, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo furosemide, oògùn tó ń lé omi jáde lára. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, dókítà fi spironolactone kún un. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n máa fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lójoojúmọ́ kí potásíọ̀mù, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn nílò, má baà lọ sílẹ̀ lára wọn. Ṣé kí n máa bá a lọ?

Èsì: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, àbúrò mi. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn dúró ná títí ẹ ó fi rí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Ẹni tó ń lo furosemide tàbí bendroflumethiazide nìkan ni irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lè bá mu, nítorí pé bí àwọn wọ̀nyí ṣe ń lé omi àti iyọ̀ gba inú ìtọ̀ jáde ni wọ́n ń kó potásíọ̀mù lọ. Spironolactone ń lé omi ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń mú kí kíndìnrín di potásíọ̀mù mú. Bí ramipril tàbí losartan, tí wọ́n jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ọkàn, bá tún wà pẹ̀lú rẹ̀, potásíọ̀mù lè ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò níbí ka potásíọ̀mù tó wà láàárín 3.5 sí 5.3 mmol/L sí déédéé. Bó bá lọ sílẹ̀, ó lè fa àárẹ̀ àti pajápajá. Èyí tó ga ni mo bẹ̀rù jù, nítorí ó lè má fi àmì kankan hàn títí ọkàn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège; bó bá sì ti dé 6.5, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ spironolactone, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Bí wọn kò bá pè yín, ẹ pè wọ́n.

Ẹ tún wo ilé ìdáná. Iyọ̀ tí wọ́n dín sodium rẹ̀ kù, tí a máa ń rà fún àwọn òbí wa nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, potassium chloride ni wọ́n sábà fi ń rọ́pò ohun tí wọ́n yọ. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú Màmá, ẹ pe GP (dókítà ìdílé) tàbí 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera NHS, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ara ike iyọ̀ tí mo fi ń se ọbẹ̀ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dé: potassium chloride ni wọ́n kọ ṣáájú. Mo ti gbé e kúrò, n óò sì pe GP láàárọ̀ ọ̀la nípa àyẹ̀wò náà.