Àmúkọ́ni kọ́: ẹ jẹ́ ká wo ohùn orí A yẹn dáadáa

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń ka ohun tí ọ̀gá wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó kọ fún àwa tí à ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn inú rẹ̀ dára. Kọ́ọ̀kì mínírà fún ìṣirò, páálí tí a gé fún álífábẹ́ẹ̀tì, yanrìn inú tíréè tí ọmọ yóò máa fi ìka kọ lẹ́tà sí: mo gba gbogbo rẹ̀, èmi náà ń lò wọ́n. Ohun tí n kò gbà ni orúkọ tí wọ́n sọ gbogbo ẹrù náà. Wọ́n ní kí á má pè é ní ohun èlò ìkọ́ni mọ́, pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti gùn jù, pé "àmúkọ́ni" ni kí á máa kọ sínú nóòtì wa. Ọ̀pọ̀ yín ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi kò lè dúpẹ́ níbẹ̀ yẹn o, kí ọ̀gá wa má bínú.

Ohùn orí A àkọ́kọ́ ni kí á kọ́kọ́ yanjú. Ọ̀gá wa kọ ọ́ ní ohùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí àǹtí wa ní Ìlíṣàn ń fèsì, ohùn àárín ni wọ́n fi kọ ọ́, "amúkọ́ni", kò sì sí ẹni tó sọ pé nǹkan yí padà. Ó yí padà o! A olóhùn àárín, olùṣe ló ń sọ: apẹja, amúnisìn, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, akọ́mọlédè. À olóhùn ìsàlẹ̀, ohun tí a ṣe ló ń sọ: àmúlò, àkọsílẹ̀, àfikún. Ẹni tó bá kọ amúkọ́ni ti sọ páálí di tíṣà.

Mo dán an wò kí n tó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo kọ ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó ní kíláàsì kẹta mi níhìn-ín ní Ìpẹru. N kò fi àmì sí i, torí bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ tíṣà máa kọ ọ́. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé kà á sókè: amúkọ́ni. Mo bi í pé kí ló túmọ̀ sí. Ó wo ojú mi, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé gbọ́mọgbọ́mọ ni, mà?" Kò rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù náà kò rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan ní òun mọ amúnimúyè, pé bàbá àgbà òun ti sọ ọ́ fún òun rí. Láyé tí òbí ń sáré wá mú ọmọ nílé-ìwé kí agogo tó lù, orúkọ tí à ń fẹ́ lẹ̀ mọ́ kọ́ọ̀kì mínírà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n kan yóò ní A olóhùn àárín wà lára ohun èlò náà: amúlétutù, amúnáwá, amóhùnmáwòrán. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo "mú" inú wọn. Mú ilé tutù. Mú iná wá. Mú ohùn, mú àwòrán. "Mú" di nǹkan kan mú nínú gbogbo wọn. Nínú amúkọ́ni, kí ni "mú" mú? Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Ká tilẹ̀ wá gba ohùn ìsàlẹ̀ tí ọ̀gá wa fi kọ ọ́, "mú" kọ́ ló yẹ níbẹ̀. "Fi" ni. Mo fi ìgbálẹ̀ kọ́ wọn ní ìṣirò. Ta ló ń sọ pé òun mú ìgbálẹ̀ kọ́ ọmọ ní ìṣirò? Mo mọ̀ pé à ń sọ pé "mú ọ̀bẹ gé iṣu", ṣùgbọ́n ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ń rí ọwọ́ tó na mú ọ̀bẹ kó tó gé. Bàbá mi àgbà jẹ́ tíṣà ní Rẹ́mọ nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tiwa, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Títí wọ́n fi kú, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà, "ohun tí a ó fi kọ́ wọn" ni wọ́n máa ń wí. N kò gbọ́ "mú" lẹ́nu wọn rí.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ti ìgbálẹ̀ tí mo ń sọ yìí, ó sì yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ó kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Kíláàsì kẹta kì í lóye márùndínláàádọ́ta. Ìwé ìṣirò sọ fún wọn pé ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá mẹ́rin ni, ó lé márùn-ún. Èdè wọn ń sọ nǹkan mìíràn. Nítorí náà mo máa ń ka ọgọ́ta ẹyọ ìgbálẹ̀, màá fi rọ́bà dì wọ́n ní ogún-ogún, ìdì mẹ́ta. Mo gbé e lé tábìlì: ogún mẹ́ta, ọgọ́ta. Mo pe ọmọ kan jáde, mo ní kó yọ mẹ́wàá kúrò. Ó tú rọ́bà ìdì kan, ó ń kà á lẹ́yọ lẹ́yọ, ìgbálẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣà á. Ó ku àádọ́ta. Mo ní kó tún yọ márùn-ún. Mo wá ní kí gbogbo wọn pe orúkọ ohun tó kù díẹ̀díẹ̀: márùn-ún, dín, ní, àádọ́ta. Ìgbà tí wọ́n dé orí "dín", ọmọ náà gbé ìgbálẹ̀ márùn-ún ọwọ́ rẹ̀ sókè láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Ó ti rí "dín" lọ́wọ́ ara rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ tí mo ń fẹ́ nìyẹn, èyí tí ọmọ lè tú palẹ̀ kó sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn tíṣà àtijọ́ fi lé wa lọ́wọ́: àpèkọ, àkàyé, àròkọ, àkọtọ́. A pè é, a kọ ọ́. A kà á, ó yé wa. A rò ó, a kọ ọ́. Ẹ wo àwòkọ́ṣe náà, tó tilẹ̀ ní "kọ́" nínú. Kò sí "ni" kankan ní ìdí wọn. "Ni" ń bá "ì" rìn: ìkọ́ni, ìtọ́ni. Ọ̀gá wa dáhùn lánàá pé "àdánidá" ńkọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, "ni" ibẹ̀ wà láàárín, "dá" kejì ló parí ọ̀rọ̀. N kò gbà pé wọ́n jọra. Bí òmíràn bá wà tí "ni" parí, tí A rẹ̀ sì jẹ́ olóhùn ìsàlẹ̀, kí wọ́n kó o wá.

Ẹnì kan láti Ìbàdàn kọ ọ́ síbí pé ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí èyí, pé àwa tí à ń pe ilé ní ulé, tí à ń pe igi ní ugi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Ulé tí ìyá mi ń sọ kò ba ohùn etí mi jẹ́. Ta ló ṣe olóòtú Èdè Ìperí Yorùbá, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, tó jáde ní 1984, tí gbogbo wa ń ṣí wò? Ayọ̀ Bámgbóṣé, ọmọ Òdòpótù, Ìjẹ̀bú ni. Kí wọ́n fi ìyẹn kún un. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's A ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ ní gbogbo iṣẹ́ àfi Gẹ̀ẹ́sì, fún odindi ọdún mẹ́fà. Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, ọmọ sì jókòó níwájú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Iwájú ọmọ ni kí á gbé àmúkọ́ni lọ, kó tó wọ nóòtì ẹnikẹ́ni.

Ti kòríkúlọ́ọ̀mù tí ẹ fà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹ ní kí á máa pè ní "ètò ẹ̀kọ́", èmi kò gba orúkọ náà, torí iléeṣẹ́ ìjọba ti ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ìlànà ẹ̀kọ́ ni tèmi. Àǹtí wa ní Ìlíṣàn ní ìlànà ni ọgbọ́n tí tíṣà fi ń kọ́ni, kì í ṣe iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́. Mo ti gbọ́, n kò tíì gbà, màá kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Alẹ́ òní ni màá kọ nóòtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí màá kọ síbẹ̀ rèé: Ohun èlò ìkọ́ni: ọgọ́ta ẹyọ ìgbálẹ̀, rọ́bà mẹ́ta.

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Tíṣà kíláàsì kẹta, Ìpẹru-Rẹ́mọ