Mílímítà kan péré: ẹ wá sọ ìrírí yín lórí mọ́dẹ́lì ọkọ̀ òfuurufú ológun

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Mo fẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa sọ àṣìṣe tó kọ́ ọ lọ́gbọ́n jù nídìí iṣẹ́ yìí. Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ọdún kẹta tí mo ti ń to mọ́dẹ́lì ni mo ra kíìtì (àwọn ègé ike tí a ń tò pọ̀) F-16 kan, ọkọ̀ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, òṣùwọ̀n 1/48, ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po 48 tóbi jù ú lọ, lọ́wọ́ bàbá kan tó ń kó ẹrù ilé rẹ̀ tà. Àpótí rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó sọnù nínú rẹ̀. Mo ti lọ wo ìfihàn ọkọ̀ òfuurufú ní Fairford ní oṣù Keje ọdún náà, mo sì ya fọ́tò F-16 àwọn ará Amẹ́ríkà kan tó ti Spangdahlem ní Jámánì wá, tí wọ́n kọ SP sí ìrù rẹ̀. Òun gan-an ni mo fẹ́ kọ́. Kì í ṣe F-16 ṣáá. Èyí tí mo fojú ara mi rí ni.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Àwọ̀ eérú méjì ló wà lára rẹ̀: 36118 tó dúdú díẹ̀ lókè, 36270 tó mọ́ jù ú lọ ní ẹ̀gbẹ́ àti nísàlẹ̀. (Nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá ọ̀dà wọn mọ̀ nìyẹn.) Mo po ọ̀dà náà títí ó fi bá fọ́tò mi mu. Ọkàn mi balẹ̀.

Mo gbé e lọ sí ìpàdé ńlá àwọn tó ń to mọ́dẹ́lì ní Telford, ní oṣù Kọkànlá. Bàbá òyìnbó kan dúró níwájú tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo ẹnu tí atẹ́gùn ń gbà wọlé lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnì wo ló wà nínú èyí. Mo ní F110 ti General Electric ni, torí mo ti kà á pé òun ló wà nínú Block 50, ìpele F-16 tí mo fẹ́ kọ́. Ó ní, “Ẹnu yìí kéré fún un.” Ó rọra sọ ọ́ ni, kò fi mí ṣẹ̀sín rárá.

Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà Block 30 ni oríṣi ẹ́ńjìnì méjì ti ń wọ inú F-16, F100 ti Pratt & Whitney àti F110. F110 ń fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ sí i, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi fẹ ẹnu ọkọ̀ tó ń lò ó. Kíìtì tèmi ti pẹ́, ẹnu kékeré ló bá a wá. Ara ọkọ̀ kan ni mo kọ́, mo wá fi ẹnu ọkọ̀ mìíràn sí i. Odidi oṣù mẹ́rin, fọ́tò náà ń wò mí lójú lára ògiri!

Alẹ́ ọjọ́ tí mo délé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi 48 sọ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ di púpọ̀. F-16 gidi gùn tó mítà 15.06; tèmi gùn tó sẹ̀ǹtímítà 31.4, ó pé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn apá rẹ̀, níbi tó yẹ kó fẹ́lẹ́ bí abẹ, nípọn tó mílímítà kan. Lọ́nà 48, sẹ̀ǹtímítà 4.8 nìyẹn. Ẹ̀yìn apá tó nípọn bíi Bíbélì! Ìlà tí páànù méjì ti pàdé, tí mo fi irin ha jinlẹ̀ kó lè hàn dáadáa, fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá mílímítà. Lára ọkọ̀ gidi, mílímítà 14 ni ìyẹn máa jẹ́, ọmọńdinrín mi á wọ inú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó lẹ ohunkóhun, mo máa ń fi 48 sọ ọ́ di púpọ̀ ná. Ẹ sọ tiyín.

Láti Sùúrùlérè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. F-16 lèmi náà kọ́, 1/48, ṣùgbọ́n kíìtì tuntun ni tèmi. Gíláàsì tó bo orí páílọ́ọ̀tì ló fẹ́ẹ̀ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ yìí.

Gíláàsì náà yọ ikùn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fún ju àárín lọ, bí orí ìgò tí wọ́n gé. Mólù (ohun tí wọ́n ń da ike sí kó lè rí bí wọ́n ṣe fẹ́) tó ń ṣí sókè sódò nìkan kò lè yọ irú rẹ̀, àfi èyí tó tún ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́. Ibi tí mólù náà ti pàdé máa ń fi ìlà tín-ín-rín kan sílẹ̀ lórí gíláàsì, gbọọrọ láàárín orí. Ara ọkọ̀ gidi kò ní in. Iwájú F-16 kò ní férémù kankan tó dí páílọ́ọ̀tì lójú, ohun tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n nìyẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ìlà sílẹ̀ níbẹ̀?

Mo fi sáńpépà olómi ha á, nọ́ńbà 2000 (bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ló ṣe ń kúnná), mo bọ́ sí 3000, mo tún bọ́ sí 5000. Gíláàsì di funfun bí omi ògì. Mo jókòó, mo ń wò ó, mo rò pé mo ti ba tèmi jẹ́. Ìgbà tó yá ni mo bu ọṣẹ ìfọyín sórí àgékù síńgílẹ́ẹ̀tì, mo fi ń pa á yípo yípo. Ọjọ́ méjì. Ó rọra ń mọ́ padà títí mo fi rí ìlà ọwọ́ mi nínú rẹ̀.

Ti ọ̀dà ni mi ò tíì borí tán. Ìgbà ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ fín in, eruku sì bà lé apá kí ó tó gbẹ. Hóró eruku kan péré, ẹ fi 48 sọ ọ́ di púpọ̀, òkúta ni! Báyìí, ilé ìwẹ̀ ni mo ti ń fín ọ̀dà, lẹ́yìn tí mo bá ti da omi sílẹ̀ kí eruku lè rọ̀. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, mi ò dúró. Mo ní táyà mọ́tò ògbólógbòó kan tí fọkanáísà àdúgbò wa máa ń fún ní atẹ́gùn kíkún, mo so rọ́bà mọ́ ẹnu rẹ̀ lọ sí ìdí ohun èlò ìfínọ̀dà mi. Atẹ́gùn rẹ̀ tutù, kì í gbọ̀n, ó sì tó fún apá méjèèjì.

Láti Ìlọrin

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín o. Mẹkáníìkì ni mí nínú iṣẹ́ ológun òfuurufú kí n tó fẹ̀yìn tì, Alpha Jet, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ páílọ́ọ̀tì, ni mo sì tọ́jú jù, ní Kainji. Àwọn ará Faransé àti Jámánì ló jọ kọ́ ọ. Ọdún 1973 ló kọ́kọ́ fò.

Ọmọ ọmọ mi ra kíìtì rẹ̀ kan fún mi lọ́jọ́ ìbí mi, òṣùwọ̀n 1/72. Òun ló tò ó, ó gbé e wá fún mi tayọ̀tayọ̀. Mo wò ó, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu nípa rẹ̀. Mo gbé e sórí tábìlì fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kí n tó mọ̀ ọ́n. Apá ni. Ó tẹ́ gbọọrọ bíi pátákó. Apá Alpha Jet kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èjìká ló ti jáde, ó wá rọra sọ̀ kalẹ̀ lápá méjèèjì bí ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà. Bí o bá dúró níwájú rẹ̀, ìyẹn lo kọ́kọ́ máa rí. Ohun kejì ni àga. Àga ẹ̀yìn ga ju ti iwájú lọ, nítorí ẹ̀yìn ni ọ̀gá tó ń kọ́ni ń jókòó sí, ó sì gbọ́dọ̀ máa rí iwájú kọjá orí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti gbé méjèèjì sí ọgbọọgba.

A jọ tú u ká. A fi omi gbígbóná rọ ìdí apá, a tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, a fi pálí tí a gé mọ ibi tó yẹ kó dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Mo máa ń rí fọ́tò mọ́dẹ́lì tí wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kùn gbogbo ìlà ara rẹ̀, bí ẹni pé ọkọ̀ náà kò ní olùtọ́jú. Àwa là ń fọ̀ ọ́! Ọkọ̀ tí ó ní olùtọ́jú kì í dọ̀tí káàkiri. Ibi tí bàtà wa ń tẹ̀ ni ọ̀dà ti ń ha, ibi tí a ń ṣí lójoojúmọ́ ló ń ní ìpa ọwọ́, ibi tí epo ń gbà kán ni àbààwọ́n ti ń ṣàn lọ sẹ́yìn. Ibòmíràn mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é, ẹ rántí wa.

Láti Ohio

Ẹ kú ọ̀rọ̀ gidi, Bàbá. Tèmi kò gùn. Mo ní mọ́dẹ́lì àtijọ́ kan tí mo rà lọ́jà àlòkù, F-19 tí Testors, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́dẹ́lì, gbé jáde ní 1986. Ìgbà náà, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé Amẹ́ríkà ní ọkọ̀ tí rédà kì í rí, ìjọba kò sì jẹ́wọ́. Àwọn tó ṣe kíìtì náà fi ọgbọ́n orí gbé e kalẹ̀: ara rẹ̀ rí roboto, ó ń dán, bí ẹja. Oṣù Kọkànlá 1988 ni ìjọba fi fọ́tò ọkọ̀ náà gan-an, F-117, hàn, kò sì sí ibi tó rí roboto lára rẹ̀. Gígé-gígé ni gbogbo rẹ̀, bí ẹni fi pálí pẹlẹbẹ tò ó. Mo ti dúró lábẹ́ èyí tó wà ní mùsíọ́mù ológun òfuurufú ní Dayton. Mo gbé mọ́dẹ́lì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nílé, mi ò sì ní ta F-19 náà láéláé. Ẹni tí kò rí ọkọ̀ ló kọ́ ọ, síbẹ̀ kò sí apá ibì kan lára rẹ̀ tí kò fara balẹ̀ ṣe.

Lọ́ńdọ̀nù

Bàbá, ẹ ṣeun, a dúpẹ́. Mo ní Alpha Jet 1/72 kan nínú àpótí láti ọdún tó kọjá. Mo ṣí i lálẹ́ àná lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. Mo ti lẹ apá rẹ̀, mo sì fi pálí gbé e dúró kó lè sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ni bàtà yín ti ń ha á?

Ìlọrin

Ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́, kí o fi ránṣẹ́ kí o tó fín ọ̀dà. N ó fi bírò pupa sàmì síbẹ̀ fún ọ.